Iná Iwájú Jíìpù ní Accra: Láti Káábáìdì dé LED

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó tẹ ilẹ̀ Gold Coast, tó ń jẹ́ Gánà lónìí, ni èyí tí wọ́n kó wá fún Gómìnà Matthew Nathan ní 1902, ọkọ̀ Gardner-Serpollet láti ilẹ̀ Faransé, tó ń fi agbára ooru omi rìn. Àtùpà ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń ríran lóru láyé ìgbà náà. Kẹrosíìnì ni ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn ń mu. Ti iwájú, tó gbọ́dọ̀ lágbára jù, a sábà máa jẹ́ ti káábáìdì. Ẹni tó bá ti bá ọdẹ wọ igbó lóru mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: omi á máa kán sórí káábáìdì, gáàsì á jáde, wọ́n á ṣáná sí i, ìmọ́lẹ̀ funfun á sì là. Ó mọ́lẹ̀ ju kẹrosíìnì lọ fíìfíì, àmọ́ awakọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kó tó lè tàn án, kò sì sí bó ṣe lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ tó lè pàdé ọkọ̀ mìíràn lóru ní Accra nígbà náà kò tó nǹkan, nítorí náà àbùkù kejì yìí kò dun ẹnikẹ́ni.

Kòkó ló sọ ọkọ̀ di púpọ̀. Nígbà tó fi máa di 1911, Gold Coast ti di orílẹ̀-èdè tó ń kó kòkó jáde jù lọ láyé, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò sì nílò ohun tó yá ju orí alágbàrù lọ. Lọ́rì Ford Model T ló bá ọ̀nà wọn mu: ó fúyẹ́, ó ga nílẹ̀, kò sì tètè rì sínú ẹrẹ̀. Láti 1915 ni Ford ti ń fi gílóòbù oníná mànàmáná síwájú ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n màgínétò ara ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń fún un níná, láìsí bátìrì láàárín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, iná á mọ́lẹ̀ kedere. Bí ó bá ń rọra lọ, iná á bàìbàì. Ibi tí awakọ̀ ti nílò ìmọ́lẹ̀ jù, ìyẹn inú kòtò àti lórí afárá onípákó, ibẹ̀ gan-an ló ti ń rọra rìn. Bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tó dé bá Model T ní 1919 ló kọ́kọ́ ya iná kúrò lára eré ẹ́ńjìnnì. Ọdún yẹn náà ni Gordon Guggisberg di gómìnà, ó sì la ọ̀nà púpọ̀ kó tó kúrò lórí oyè ní 1927.

Láti 1931 ni Bedford, lọ́rì tí ilé-iṣẹ́ Vauxhall ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò lọ́wọ́ Ford. Orí àti ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń bá ọkọ̀ ojú omi dé. Káfíńtà ìbílẹ̀ ló ń kan pákó ẹ̀yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kan ti bọ̀lẹ̀kájà nílẹ̀ Yorùbá. Iná méjì rẹ̀ tó rí roboto ni ohun tí ọ̀pọ̀ ará abúlé fi ń mọ̀ lókèèrè pé lọ́rì ọjà ń bọ̀.

Ogun Hitler ló mú jíìpù dé. Accra ni olú-ibùdó àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1940, pápá òfurufú rẹ̀ sì di ibùsọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ọkọ̀ òfurufú kọjá sí Íjíbítì àti Íńdíà. Willys MB, jíìpù àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní ọgbọ́n kan nínú iná rẹ̀ tí ọkọ̀ òde òní kò ní: orí ìkọ́ ni wọ́n gbé àwo iná náà kà, tó fi jẹ́ pé mẹkáníìkì lè yí i sẹ́yìn kó fi tan ìmọ́lẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ bá kú lóru. Ẹni tó ṣe é ti rò ó pé inú òkùnkùn ni ọkọ̀ ti ń bàjẹ́, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní tọ́ọ̀ṣì.

Land Rover jáde ní 1948, kò sì pẹ́ tó fi di ọkọ̀ ìjọba káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso: ọkọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀, àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́nì, àwọn tó ń gbógun ti àrùn kòkó. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ fi iná wọn pamọ́ sẹ́yìn àwọ̀n irin tó wà níwájú ọkọ̀, kí igi àti òkúta má baà fọ́ ọ. Ìpamọ́ yìí dára fún dígí, kò dára fún ìmọ́lẹ̀, torí àwọ̀n náà ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń di ojú ihò rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1960 ni iná Land Rover kúrò ní àárín, tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tó wà dòní.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iná Land Rover àti Bedford ni ìwọ̀n rẹ̀. Amẹ́ríkà ló fọwọ́ sí àwo roboto tó fẹ̀ tó íńṣì 7 ní 1940, tí dígí, awo tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, àti wáyà inú rẹ̀ jẹ́ odindi kan tí a kì í ṣí. Ìwọ̀n náà tàn ká ayé. Láàárín nǹkan bí 40 ọdún, àwo kan náà ló bá lọ́rì, jíìpù àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré mu, Land Cruiser àwọn ará Japan náà sì wà lára wọn. Oníṣòwò páàtì kò nílò ju irú kan tàbí méjì lọ lórí àtẹ rẹ̀. Kò sí ìgbà kankan, ṣáájú tàbí lẹ́yìn, tí iná iwájú ọkọ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti rà ní Accra.

Ìrọ̀rùn yẹn bá ọ̀ràn ìlú pàdé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò ní Gánà. Àwọn Yorùbá, tí àwọn Gá, onílẹ̀ Accra, ń pè ní Àlátà, wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ló sì dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ọmọ Gánà, pàápàá àwọn ará Kwahu, ló gba púpọ̀ nínú ìṣòwò náà. Lẹ́yìn náà ni owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n. Láti àárín àwọn ọdún 1970 títí dé 1983, gílóòbù kan ṣoṣo lè di ohun tí awakọ̀ á wá kiri ọ̀sẹ̀. Àwọn fítà, bí wọ́n ti ń pe mẹkáníìkì ní Gánà, ní Kokompe ní Accra àti ní Suame Magazine ní Kumasi, kọ́ bí a ṣe ń fi àlòkù yìí sọ tọ̀hún di tuntun.

Àárín ìnira yìí ni ìjọba ológun Acheampong yí ìrìnnà padà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1974, Gánà kúrò ní ọwọ́ òsì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà ti ṣe ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, kó lè bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó ń sọ Faransé dọ́gba. Ìtàn ọjọ́ náà sábà máa ń dá lé bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wá kọjú sí àárín títì. Ti iná kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó gbajúmọ̀. Iná dímù kì í tàn bákan náà sí apá méjèèjì: wọ́n máa ń gé e wálẹ̀ níhà ibi tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wà, wọ́n á sì jẹ́ kó lọ jìnnà díẹ̀ níhà etí títì, kí awakọ̀ lè rí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn. Òsì ni àwo tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń nawọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, òsì yẹn kúrò ní etí títì, ó di ojú awakọ̀ ẹlòmíràn. Àṣẹ ìjọba lè yí èèyàn padà lóru ọjọ́ kan. Ó kù kí wọ́n yí dígí. Nígbà tí páàtì sì wọ́n bí ojú, ọkọ̀ àtijọ́ tó ń tan iná òsì pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó tán.

Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ya wọ Gánà lẹ́yìn àtúnṣe ọrọ̀ ajé 1983 ló sọ hálójìn di ti gbogbo ayé. Gílóòbù àtijọ́ ní àìsàn kan: wáyà tungsten inú rẹ̀ máa ń fò díẹ̀díẹ̀ bó ti ń gbóná, á lẹ̀ mọ́ dígí, dígí á dúdú, iná á sì ti rẹ̀ tipẹ́ kó tó kú. Ní òpin àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ General Electric ní Amẹ́ríkà wo àìsàn náà sàn. Wọ́n fi gáàsì hálójìn díẹ̀ sínú gílóòbù kékeré tí wọ́n fi quartz ṣe. Gáàsì náà á mú tungsten tó fò, á sì gbé e padà sórí wáyà. Nípa bẹ́ẹ̀ wáyà lè gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ilẹ̀ Yúróòpù ló kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ ní 1962, ó sì sọ ọ́ ní H1. H4 tẹ̀ lé e ní 1971, pẹ̀lú wáyà méjì nínú gílóòbù kan: wáàtì 60 fún fúù láìtì, 55 fún dímù. Abẹ́ wáyà dímù ni ife irin kékeré kan wà, tó ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ì bá lọ sókè sójú ẹni tó ń bọ̀.

H4 bá Accra mu fún ìdí kan tí kò kan mímọ́lẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jó, gílóòbù nìkan ni wọ́n ń rà, àwo á wà níbẹ̀; kò sì sí ìlú tí ọkọ̀ ń dé láàárín Accra àti Bolgatanga ní àríwá tí a kò ti lè rí i rà. Pajero àti Land Cruiser tí ó wá di ọkọ̀ àwọn ìránṣẹ́ ìjọba àti àwọn àjọ aláàánú lọ́dún 1990 síwájú ló gbé e dé ibi tí títì ọlọ́dà parí sí. H4 ní ìkùnà tirẹ̀. Òróró ìka tó bá kan quartz rẹ̀ ń dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Kòtò ń mì ín títí wáyà á fi já. Èyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò fura sí ni fóòtì: bí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá fi ìdá mẹ́wàá kan dín, ìmọ́lẹ̀ á fi bí ìdá mẹ́wàá mẹ́ta dín, bí fóòtì bá sì fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé, ẹ̀mí gílóòbù á dín kù dé bí ìdajì. Land Rover tí wáyà rẹ̀ ti dógùn-ún lè máa tan hálójìn tuntun bí ẹni ń tan àbẹ́là. Dípò kí wọ́n fi rílè àti wáyà tó nípọn tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ló ń ra gílóòbù wáàtì 100, èyí tó ń yọ́ ike ìdí rẹ̀, tó sì ń sun wáyà tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rìwáyà tó mọṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wáyà ti so mọ́ irin ọkọ̀. Èyí tí kò mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ ẹlẹ́gílóòbù.

Àkókò hálójìn yìí náà ni àwo roboto kú. Oníkálukú ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ iná tó bá ojú ọkọ̀ tirẹ̀ mu, wọ́n sì pa dígí tì fún ike, èyí tí oòrùn etí òkun Accra ń sọ di pípọ́n bí ehín àgbà. Abossey Okai, tó jẹ́ ọjà páàtì ọkọ̀ tó tóbi jù ní Gánà, ló jèrè rẹ̀: àwo iná tòkúnbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó kú sí òkè òkun kún inú ìsọ̀ títí dé àjà. Ìjà àtijọ́ nípa ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìṣòwò náà kò tíì tán níbẹ̀. Òfin GIPC, àjọ ìdókòòwò Gánà, ti ọdún 2013 ya kátàkárà inú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì ti ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa níbẹ̀ rí.

LED wọ Accra gba ẹnu ọ̀nà mìíràn. Ní 1993 ni Shuji Nakamura, ní ilé-iṣẹ́ Nichia ní Japan, mú LED aláwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa jáde. Bí wọ́n bá fi èròjà aláwọ̀ òféèfèé bò ó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á di funfun. Ẹ̀bùn Nobel 2014 nínú ìmọ̀ físíìsì lọ sọ́dọ̀ òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano. Lexus LS 600h ló kọ́kọ́ fi LED ṣe iná dímù, ní 2007. Audi R8 sì fi í ṣe gbogbo iná iwájú rẹ̀ ní 2008. Kò sí èyí tó jẹ́ ọkọ̀ ẹrẹ̀ nínú méjèèjì. Ní Accra, tọ́ọ̀ṣì àti àtùpà oníbátìrì láti Ṣáínà ni LED kọ́kọ́ bá wọlé, wọ́n sì di kòṣeémánìí nígbà dumsor, láàárín 2012 sí 2016, nígbà tí iná ìlú ń lọ tó ń bọ̀. Láti ibẹ̀ ló bọ́ sórí ọ̀kadà, sórí trotro tó jẹ́ bọ́ọ̀sì akérò wọn, sórí òrùlé jíìpù gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá iná gígùn.

Lórí ìwé, kò sí ìjà láàárín LED àti hálójìn. Wáàtì kan hálójìn kì í ju bí lúmẹ̀n 25 lọ. Ti LED lè ju 100 lọ. Hálójìn méjì ń mu wáàtì 110 lórí dímù nìkan, LED tó dára kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Kò ní wáyà tí kòtò lè já. Ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ ń mú kí ìmọ́lẹ̀ dúró bákan náà yálà fóòtì lọ sókè tàbí ó wálẹ̀, ìyẹn sì wo àìsàn Land Rover àgbà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan sàn. Àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ọ̀sán, nítorí náà ẹ̀gún, òkúta àti etí kòtò máa ń hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ wá yàtọ̀ nínú ìsọ̀, torí nǹkan méjì ló ń jẹ́ LED níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwo odindi tí wọ́n ṣe fún LED láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ní gígé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Èkejì ni gílóòbù LED tí wọ́n ń kì bọ inú àwo hálójìn, òun ló sì pọ̀ jù torí pé kò wọ́n. Wáyà hálójìn kò gùn ju mílímítà díẹ̀ lọ, ojú kan pàtó ló sì jókòó sí. Ojú yẹn ni wọ́n fi ṣírò gbogbo ìtẹ̀sí awo tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. LED kò lè tan ìmọ́lẹ̀ yípo bíi wáyà: pátákó pẹlẹbẹ méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn ni. Bí ó bá yẹ̀ kúrò lójú yẹn díẹ̀ péré, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká. Iwájú ọkọ̀ nítòsí á mọ́lẹ̀ yòò, inú awakọ̀ á dùn, ọ̀ọ́kán tó yẹ kó rí á sì ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó fọ́n sókè lọ sójú ẹni tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Jámánì fi dúró títí di 2020 kó tó gba ẹyọ gílóòbù bẹ́ẹ̀ láàyè, fún kìkì ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú rẹ̀. Lójú ọ̀nà Accra sí Tema, tí wọ́n ṣí ní 1965, níbi tí iná títì ti ń kú lóòrèkóòrè, ìmọ́lẹ̀ funfun tó ń fọ́jú yìí ti di ẹjọ́ ojoojúmọ́ láàárín àwọn awakọ̀. Ìlànà ìrìnnà ọdún 2012, L.I. 2180, ló ń ṣàkóso iná ọkọ̀ ní Gánà, àjọ DVLA ló sì ń yẹ ọkọ̀ wò. Àmọ́ ohun tó tàn ni olùyẹ̀wò tètè ń rí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ balẹ̀ sí gba kéèyàn fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

Fún jíìpù tó ń kúrò lórí ọ̀dà, ìdájọ́ tún ní ẹ̀ka mìíràn. LED pẹ̀lú ń gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ooru náà sì ń gbà jáde. Fáànù kékeré tó wà nídìí gílóòbù olówó pọ́ọ́kú ń kú bí eruku ilẹ̀ pupa tàbí omi odò bá wọ̀ ọ́. Nínú eruku ọyẹ́ àríwá, tàbí nínú kùrukùru òwúrọ̀ lórí òkè Kwahu àti Aburi, ìmọ́lẹ̀ funfun líle máa ń ta padà sójú awakọ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá ti ọ̀pá iná orí òrùlé, tó ń tan eruku tó wà lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì. Hálójìn tó pọ́n díẹ̀, tí wọ́n gbé sísàlẹ̀, ṣì ń tuni lójú jù níbẹ̀. Bí hálójìn bá sì jó ní Damongo, ní àríwá lọ́hùn-ún, gílóòbù H4 kan ló parí ọ̀rọ̀. Bí àwo LED odindi bá kú, ó di kí wọ́n ránṣẹ́ sí Accra.

Nítorí náà, ìpààrọ̀ tó lérè jù bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́. Land Rover Defender ti àtijọ́, tí wọ́n ń ṣe títí di 2016, àti ọ̀pọ̀ Land Cruiser àgbà ṣì ń lo àwo íńṣì 7, ìwọ̀n yẹn sì ni àwọn tó ń ṣe àwo LED odindi fún jíìpù fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀, tó rí i dájú pé ti ìrìnnà ọwọ́ ọ̀tún ni, tó sì tọ́jú àwo hálójìn rẹ̀ sínú bùùtù, ti ra ìmọ́lẹ̀ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìsọ ara rẹ̀ di ẹrú páàtì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní àwo onígun tí kò bá ẹlòmíràn mu, rílè, wáyà tuntun àti gílóòbù hálójìn gidi ni owó rẹ̀ yẹ fún.

Àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ti ń kúrò lórí hálójìn. Hilux tí wọ́n ti ń tò ní Tema láti 2021 jẹ́ ọkọ̀ tí Toyota ń ṣe ní oríṣi méjèèjì, hálójìn fún ti owó kékeré, LED fún ti owó ńlá. Land Cruiser 70, tó ti ń rin ẹrẹ̀ láti 1984, gba àwo LED roboto nínú àtúnṣe 2023.